Ìgò Tí Kò Ṣeé Mu: Robert Arneson àti Amọ̀ Tó Kọ Iṣẹ́ Ilé Ìdáná

Lọ́dún 1961, níbi ìpàtẹ ọjà ńlá tí ìpínlẹ̀ California máa ń ṣe lọ́dọọdún ní ìlú Sacramento, amọ̀kòkò kan jókòó ti kẹ̀kẹ́ amọ̀, ó ń mọ ìkòkò lójú èrò. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é kò ní wàhálà nínú: kí kẹ̀kẹ́ máa yí, kí ìkòkò máa yọrí láàárín ọwọ́ rẹ̀, kí àwọn òǹwòran lanu díẹ̀, kí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó mọ ìgò kan. Ìgò náà dúró dáadáa, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ìgbà tó yẹ kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó bẹ̀rẹ̀ òmíràn ló bu amọ̀ díẹ̀ sí i, ó fi ṣe ìdérí bíi ti ìgò mínírà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìgò náà gbagidi, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì sí i lára: No Return.

Ẹni tó bá ti ra mínírà ní kíréètì rí nígbà tí ìgò ṣì gbòde mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Bí o kò bá mú òfìfo ìgò dání, wàá fi owó ìgò sílẹ̀. Ìgbà tí o bá dá ìgò padà lowó rẹ yóò tó padà sápò rẹ. Ní Amẹ́ríkà lákòókò yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ta ìgò tí kò ní owó ìdógò, ìgò àmután-àsọnù, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e padà wá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìgò ọlọ́jà yìí ni Robert Arneson kó lọ sára ìgò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ìgò tí a dí lẹ́nu kò lè gba omi sínú, kò sì lè tú u jáde. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ jíjẹ́ ìgò. Kí ló wá dà?

Àwọn baba ńlá wa ì bá ti dáhùn kíákíá. Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá fi òòyà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kì í ṣe pé kí onítọ̀hún fi ya irun. Ìyapa ni òòyà yẹn ń sọ. Àrokò ni: ohun èlò tí wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè jẹ́ iṣẹ́ ẹnu. A kò sọ pé Arneson gbọ́ nípa àrokò rí o. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá mọ àrokò yóò tètè mọ ohun tí ọkùnrin yìí fi ọgbọ̀n ọdún ṣe: ó ń mú ohun tí gbogbo ayé ń lò, ó ń fi amọ̀ mọ ọ́n lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè lò ó mọ́, ó sì ń dúró wo ohun tí yóò sọ.

Benicia ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1930. Ìlú kékeré etí omi ni, kò jìnnà sí San Francisco. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló kọ́kọ́ fà á lọ́kàn, kódà ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa eré ìdárayá fún ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ̀fẹ̀ yẹn kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1992. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ẹ̀kọ́ ọnà ní Oakland lọ́dún 1954, ó sì di olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ndìrì. Níbẹ̀ ni amọ̀ ti já lé e lọ́wọ́: wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní amọ̀ mímọ, òun náà kò sì tíì mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹni tí wọ́n bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù, ó di dandan kó lọ kọ́ṣẹ́. Ó gba oyè kejì ní Mills College ní 1958, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ ìkòkò dáadáa nígbà yẹn: ìkòkò tó dán, tó dọ́gba, tó ṣeé gbé sórí tábìlì.

Ẹni tó da ọ̀rọ̀ rú fún un, àti fún gbogbo amọ̀kòkò etí òkun Pàsífíìkì, ni Peter Voulkos. Ọmọ àwọn aṣíkiri láti Gíríìsì ni, ìpínlẹ̀ Montana ni wọ́n ti bí i. Láti 1954 ní Los Angeles, àti lẹ́yìn náà ní Berkeley, Voulkos ń la ìkòkò, ó ń gún un lọ́bẹ, ó ń to ọ̀kan lé èkejì lórí títí wọn kò fi jọ ìkòkò mọ́. Ó fi han àwọn ọ̀dọ́ pé amọ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìlò. Ṣùgbọ́n ojú líle ni Voulkos fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Ìjàkadì ni, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹ̀rín ni Arneson mú wá kún un, ẹ̀rín náà ló sì dá wàhálà sílẹ̀.

Lọ́dún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì California ní Davis. Ẹ̀ka ọnà ibẹ̀ kò ní ilé ńlá. Ilé páànù onígbà díẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní TB-9 ni wọ́n fi ṣe ibi amọ̀. Davis fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú àgbẹ̀, yunifásítì rẹ̀ sì lókìkí nínú ẹ̀kọ́ ohun ọ̀gbìn àti ohun ọ̀sìn ju ọnà lọ. Àwọn tó pàdé níbẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan kò sì kéré: Wayne Thiebaud, tó ń kun àwòrán àkàrà òyìnbó lórí káńtà bí ẹni pé ẹni mímọ́ ni wọ́n, William Wiley, Manuel Neri, Roy De Forest. Bruce Nauman, tí gbogbo ayé ọnà wá mọ̀ lónìí, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ọdún kan péré ni Arneson lò níbẹ̀ kó tó fa ìjọ̀ngbọ̀n.

Lọ́dún 1963, wọ́n pè é kó wá bá àwọn agbẹ́gilére àti amọ̀kòkò California pàtẹ iṣẹ́ lórí òrùlé ilé gogoro Kaiser Center ní Oakland, níbi tí wọ́n gbin ọgbà sí lókè. Orúkọ ńlá wà nínú àwọn tí wọ́n pè. Arneson ronú pé kí ni amọ̀ ti ṣe tó pọ̀ jù fún àwọn ará Amẹ́ríkà, tó sún mọ́ wọn ju ohunkóhun lọ, tí wọ́n ń jókòó lé lójoojúmọ́ tí wọn kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ó mọ ọ̀kan, kò sì mọ èyí tó mọ́: ó jẹ́ kí awọ ara rẹ̀ ṣe kókó, kí ó rí gbágungbàgun, ó sì mọ ìgbẹ́ amọ̀ sínú rẹ̀. Funk John ló pe orúkọ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ilé náà rí i, wọ́n ní kí wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n sì gbé e kúrò.

Àwọn tó mọ ìtàn ọnà yóò rántí Marcel Duchamp, tó gbé àwo ìtọ̀ tánganran kan lọ síbi ìpàtẹ ní New York lọ́dún 1917. Ìyàtọ̀ wà. Ọjà ni Duchamp ti ra tirẹ̀. Ohun tó sì fẹ́ sọ ni pé yíyàn nìkan tó láti sọ nǹkan di ọnà. Arneson ní tirẹ̀ fi ọwọ́ mọ ọ́n láti ìdí dókè, ìtẹ̀ka rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ níbi gbogbo. Èyí ló mú kí tirẹ̀ burú lójú àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ ju ti Duchamp lọ: ẹni tó ra àwo ìtọ̀ lè ní àwàdà lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tó ń fọwọ́ ṣìkẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé òun nìkan ló ń ṣe irú eléyìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, ọdún ìgò Sacramento, Claes Oldenburg, ọmọ Sweden tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ojú pópó East 2nd Street ní New York. Ọjà inú rẹ̀ ni bàtà, aṣọ, ẹran sísun, àkàrà òyìnbó, gbogbo rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n tì bọ ṣìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n wá kùn ní ọ̀dà tó ń dán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló rán ẹran inú búrẹ́dì kan tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀, tó fẹ̀ ju mítà méjì lọ, aṣọ ni wọ́n fi rán an, fóòmù àti páálí ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1976, pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ kan tó fi irin ṣe ti dúró láàárín ìlú Philadelphia, ó sì ga tó mítà 13. Pop ni wọ́n ń pe ọnà yìí: ọnà tó kọ̀ láti wo òkè ọ̀run fún ohun tí yóò yà, tó lọ sínú ọjà, sínú pátákó ìpolówó, sínú àgbàlá.

Kí ni ìsọdiǹlá ń ṣe sí nǹkan? Àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́tí náà máa ń fẹ́ ìgò onírọ́bà tó ga ju ilé lọ sójú agbo ayẹyẹ, a sì ti ń rí i láìbìkítà. Wọ́n sọ ọ́ di ńlá kí a lè rà á ni. Ti Oldenburg yàtọ̀. Pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò ní ohun tó ń tà. Bí ohun tí ọwọ́ ń gbá mú bá ti ga ju èèyàn lọ, ipò ti yí padà: òun ló lè gbá ọ mú báyìí. Ojú tí kì í wo pẹ́ẹ̀gì tẹ́lẹ̀ ti di ojú tó ń yẹ ọrùn rẹ̀ wò, tó ń rí i pé ó jọ ẹni méjì tó dì mọ́ra. Ẹni tó bá ti rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀kadà tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ sórí rẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá náà kì í ka irú ohun bẹ́ẹ̀ sí ohun tí kò yẹ lórí agbo.

Ṣùgbọ́n Oldenburg lo aṣọ, ó lo irin. Amọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Arneson àti àwọn ará California.

Amọ̀ tútù kún fún omi. Bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì. Láàárín ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n sí ìgbà tí iná bá sọ ọ́ di líle, ó lè dín tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí apá kan bá gbẹ ṣáájú ìkejì, ó ti la nìyẹn. Bó bá nípọn jù, tí ọ̀rinrin ṣì wà láàárín rẹ̀ nígbà tí iná mú un, omi náà yóò di ooru, kò ní rọ́nà jáde, yóò sì fọ́ ère náà yángá. Ìdí nìyẹn tí ère amọ̀ ńlá fi máa ń ṣófo nínú bí ìkòkò, tí wọ́n sì máa ń fi ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn oṣù, gbẹ ẹ́ lábẹ́ ọ̀rá. Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin tí wọ́n ń to ìkòkò jọ ní gbangba, tí wọ́n ń fi igi àti koríko bò ó kí wọ́n tó ṣáná sí i, mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ju àwa tí a ń pa á lówe lọ. Gbangba kò ní ẹnu ọ̀nà. Òyìnbó a máa sun tirẹ̀ nínú ààrò tó ní ilẹ̀kùn, bí ẹnu ilẹ̀kùn ààrò náà bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ère ṣe lè tóbi tó.

Arneson mọ ìyà yìí lára. Lọ́dún 1965 ó mọ orí ara rẹ̀, amọ̀ náà sì la láti òkè dé àyà. Amọ̀kòkò mìíràn ì bá fọ́ ọ dànù. Ó wá gòlí, ó tò ó sínú ojú ibi tó là bí ẹni pé wọ́n ń dà jáde láti inú orí rẹ̀. Nínú ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí gòlí rẹ̀ ti dànù ni ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Orúkọ tó fún ère náà kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Iná bá a ṣe iṣẹ́ yẹn ni ká wí.

Àwọ̀ náà tún wà. Amọ̀ tó ń fẹ́ iná tó ju ìwọ̀n 1,200 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì ló ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣú bí ilẹ̀: búráùn, eérú, dúdú. Àwọ̀ ọlọ́wọ̀ ni lójú àwọn amọ̀kòkò ìgbà náà, torí ó jọ ti Japan àtijọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960, Arneson pa á tì. Ó yí sí amọ̀ funfun tí iná rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ó ń ra èròjà dídán inú ìgò kéékèèké tí àwọn tó ń fi amọ̀ najú nílé máa ń rà, èyí tí iná máa ń sọ di awọ gíláàsì sára amọ̀: pupa tó ń pariwo, yẹ́lò, búlúù ojú ọ̀run. Àwọn amọ̀kòkò olóòótọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, ìgboyà ibẹ̀ ju ti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, torí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bí àwọn aláṣẹ nínú nìkan, àwọ̀ yẹn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú.

Ní nǹkan bí ìgbà yẹn ló mọ kíréètì Pepsi. Amọ̀ ni kíréètì, amọ̀ ni ìgò inú rẹ̀, wọ́n wọ́ díẹ̀, wọ́n sì ń dógùn bí ìgò tó ti jìyà. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìgò kan láàárín wọn tó tààrà, tó mọ́ gaara: ìgò 7-Up gidi ni, gíláàsì ọjà. Ojú á rìn lórí gbogbo wọn, á dé orí èyí tó jẹ́ òótọ́, òótọ́ yẹn ni yóò sì jọ irọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1966 ló mọ táípúráítà kan tó wà ní mùsíọ́mù Berkeley báyìí. Níbi tó yẹ kí àwọn lẹ́tà wà, orí ìka ló wà níbẹ̀, èékánná wọn pupa fòò. Obìnrin tí ń fi ìka tẹ̀wé ní ọ́fíìsì láàárọ̀ títí di alẹ́ ti wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. A kò mọ ẹni tó ń tẹ ẹnì kejì mọ́. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tóbi rárá. Ìsọdiǹlá kì í ṣe ti ìwọ̀n nìkan.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ilé ara rẹ̀, ilé kan tó wà ní òpópónà Alice ní Davis, irú ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́sẹẹsẹ tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ó mọ ọ́n ní amọ̀ léraléra, ní kékeré àti ní ńlá, pẹ̀lú koríko iwájú rẹ̀ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Èyí tó tóbi jù, alápá púpọ̀ ni, nítorí ààrò wo ni yóò gbé odindi ilé?

Ìbéèrè ààrò yẹn ni àwọn méjì mìíràn yanjú lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì tọ́ kí a yà sọ́dọ̀ wọn díẹ̀.

Viola Frey, tí wọ́n bí ní Lodi ní California lọ́dún 1933, jẹ́ ẹni tí kì í kúrò ní ọjà àlòkù. Ó ń ra àwọn ère tánganran kéékèèké, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà máa ń tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù: olùṣọ́ àgùntàn, àkùkọ, ọmọ tó mú òdòdó dání, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ọnà. Ó gbé wọn wá sílé, ó sì sọ ìwà wọn di ńlá. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, ère rẹ̀ ti ń ga ju mítà méjì lọ, àwọn kan sì kọjá mítà mẹ́ta: ọkùnrin tó wọ kóòtù, ìyá àgbà tó wọ gáùn olódòdó, ojú wọn ń wò ọ́ bí ẹni tí o jẹ lówó. Ó ń gé wọn ní ìrọ́ ìrọ́ kí wọ́n tó gbẹ, ó ń sun ìrọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì ń tò wọ́n léra nígbà tí ohun gbogbo bá ti tutù. Àmì ibi tí wọ́n ti so pọ̀ hàn kedere, kò sì gbìyànjú láti fi wọ́n pa mọ́. Èèyàn tó bá dúró lẹ́bàá wọn ló máa ń di ère orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Jun Kaneko kò gé tirẹ̀ rárá. Nagoya ní Japan ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1942, ó sì dé Los Angeles ní 1963. Ère rẹ̀ tó lókìkí jù ni èyí tó ń pè ní dango, orúkọ tí wọ́n ń pe oúnjẹ róbótó kan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe ní ìlú rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹnìkan mọ ẹ̀kọ tó ga ju ilẹ̀kùn lọ, ẹ ò ní jìnnà. Nítorí ààrò amọ̀kòkò kò lè gbà wọ́n, Kaneko lọ bẹ àwọn oníbíríkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bíríkì kan ní Omaha. Láàárín 1992 sí 1994 ó ṣe é ní Fremont ní California, nínú ààrò ràbàtà tí wọ́n ti ń sun páìpù amọ̀ tí ń gbé ẹ̀gbin ìlú lọ. Níbẹ̀ ni dango tó ga ju mítà mẹ́ta lọ ti jáde lódindi, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ. Ààrò páìpù ẹ̀gbin ló gbé ère amọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Arneson, baba àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ì bá gbádùn èyí.

Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1978, ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, Dan White, tó ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco, wọ ilé ìjọba ìlú lọ, ó yìnbọn pa George Moscone tó jẹ́ olórí ìlú, ó sì pa Harvey Milk tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Nígbà ìgbẹ́jọ́, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló bá a jà. Dókítà kan sì mẹ́nu kan pé kò jẹ nǹkan mìíràn mọ́ ju oúnjẹ pàrùpárù aládùn lọ. Àwọn oníròyìn gbé ìyẹn lérí, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Twinkie, àkàrà aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá. Wọn kò dá White lẹ́bi ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn. Ẹ̀sùn tó fúyẹ́ jù ú lọ ni wọ́n dá a lẹ́bi rẹ̀, ìlú sì dàrú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn àpéjọ tí wọ́n fi orúkọ Moscone sọ, wọ́n ní kí Arneson mọ orí rẹ̀. Ó mọ ọ́n ní 1981: orí ràbàtà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kún fún ẹ̀mí, ó jọ olóṣèlú tó fẹ́ràn èèyàn. Kò sẹ́ni tó ní ẹjọ́ sí orí náà. Orí òpó amọ̀ tó gbé e ró ni ẹjọ́ wà. Arneson kọ ọ̀rọ̀ sára òpó náà láti òkè délẹ̀, ó dá ihò ọta ìbọn sí i lára, ó kọ ìró ìbọn, ó ya ìbọn náà, ó sì fi Twinkie kan síbẹ̀. Àkàrà ọ̀rá lásán, tí ọmọdé ń jẹ nílé ẹ̀kọ́, ni àwọn aláṣẹ kò lè wò. Dianne Feinstein, tó di olórí ìlú lẹ́yìn Moscone, kò fara mọ́ ọn, ìgbìmọ̀ ọnà ìlú náà sì dìbò pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Ère náà kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ó wọ ọwọ́ ẹni aládàáni, kí mùsíọ́mù ọnà òde òní ti San Francisco tó rà á ní 2012. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìlú fi rìn padà sídìí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n mọ.

Wọ́n ní amọ̀ kò yẹ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́dún 1981 kan náà, Mùsíọ́mù Whitney ní New York pàtẹ iṣẹ́ amọ̀kòkò mẹ́fà, Arneson wà lára wọn, Hilton Kramer tó ń ṣe lámèyítọ́ nínú New York Times sì fi àbùkù kan iṣẹ́ rẹ̀ àti California tó bí i. Arneson fèsì pẹ̀lú amọ̀ ní 1982. Ó mọ ara rẹ̀ láti ìbàdí dókè, ó tóbi ju èèyàn lọ, ó ká ọwọ́ lérí àyà, kóòtù jíǹsì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí ikùn yọ, awò òòrùn sì wà lójú rẹ̀. Bí o bá yọjú wò ó láti inú awò náà, òfìfo lo máa bá: inú orí ṣófo. Ó ní bí ẹ ṣe ń rí wa nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni California Artist.

Ìjà iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọnà yìí máa ń ṣe ọmọ Yorùbá ní kàyééfì díẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín bí ọ̀rúndún 12 sí 15, àwọn tó mọ orí amọ̀ àti àwọn tó rọ orí bàbà fi ọgbọ́n kan náà ṣe é. Ẹni tó bá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lónìí kò ní rí i pé wọ́n kó ọgbọ́n kúrò nínú èyí tó jẹ́ amọ̀. Kò pẹ́ ṣáájú wàhálà Whitney, ní 1972, ni Ladi Kwali, ìyá tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn náírà ogún, rin ìrìn-àjò káàkiri Amẹ́ríkà pẹ̀lú Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fọwọ́ mọ ìkòkò omi lójú èrò láìlo kẹ̀kẹ́. Èrò pàtẹ́wọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́. Ìbéèrè bóyá ọnà ni kò jọ pé ó dé etí rẹ̀ rárá, ó ń yí amọ̀ ká ni.

Arneson padà sí Benicia ní àárín àwọn ọdún 1970, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sandra Shannonhouse tí òun náà jẹ́ oníṣẹ́ ọnà. Ààrùn jẹjẹrẹ ti ń bá a jà nígbà yẹn. Títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1991, TB-9 ti bí ọmọ tó pọ̀: David Gilhooly tó mọ ọ̀pọ̀lọ́ àti oúnjẹ lóríṣiríṣi, Richard Shaw tí amọ̀ rẹ̀ jọ páálí àti ìwé títí o fi máa fẹ́ ṣí i, Peter VandenBerge àti kárọ́ọ̀tì rẹ̀, Margaret Dodd tó padà lọ sí Australia, tó ń mọ ọkọ̀ Holden tí gbogbo ilé ní ìlú rẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn láti ṣe bíi tirẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà lórí tábìlì oúnjẹ tó ohun tí a ń mọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù wà ní gbangba ọgbà yunifásítì náà, Eggheads ni wọ́n ń pè é: iṣẹ́ márùn-ún, orí tó pá bí ẹyin, tó jọ ti ẹni tó mọ wọ́n. Idẹ ni wọ́n, kì í ṣe amọ̀. Wọ́n ń gbé wọn kalẹ̀ láti 1991, wọn kò sì tíì parí rẹ̀ nígbà tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1992; 1994 ni èyí tó kẹ́yìn dúró. Èyí tó wà níwájú ilé ìkàwé Shields dojú délẹ̀ sórí ìwé tó ṣí sílẹ̀, imú rẹ̀ wọ inú ojú ewé náà lọ. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọwọ́ pa á lórí kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ní ó ń mú oríire wá.